Àlejò ń wọlé, wọn kì í mú nǹkan kan: kí ni kí n yọ kúrò lójú-ewé mi?

Olùkọ́ Abẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní aṣọ rírán lórí ayélujára, láti orí ẹni tí kò di abẹ́rẹ́ mú rí títí dé orí ẹni tó fẹ́ máa gé kóòtù. Kíláàsì mẹ́rìnlá ni mo ní. Nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ni mo fi ń pe èèyàn, iṣẹ́ ń lọ. Àtìgbà tí mo ti ní ìkànnì tèmi ni ọ̀rọ̀ ti ń rú mi lójú. Àlejò ń wá, mo ń rí iye wọn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wò yíká, wọ́n á jáde láìforúkọ sílẹ̀. Àwọn tó bá ní sùúrù nínú wọn á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni kí n mú nínú gbogbo ẹ̀?”

Bí ojú-ewé àkọ́kọ́ ṣe rí nìyí. Lókè pátápátá, àwòrán márùn-ún ń yí kiri fúnra wọn. Nǹkan mọ́kànlá ló wà nínú mẹ́nù. Lábẹ́ àwòrán, bọ́tìnnì mẹ́rin wà lórí ìlà kan: “Forúkọ sílẹ̀”, “Wo kíláàsì”, “Bá wa sọ̀rọ̀”, “Gba ìwé ọ̀fẹ́”. Pupa ni gbogbo wọn, torí pé pupa ni àwọ̀ iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni kíláàsì mẹ́rìnlá náà tò tẹ̀lé ara wọn, tòun ti àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá dúró díẹ̀, àpótí kan á yọ bo ojú-ewé láti gba ímeèlì rẹ̀. Àmì kan tún wà ní igun ìsàlẹ̀ tí wọ́n lè tẹ̀ láti bá mi sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó rẹwà lójú mi, mi ò ní purọ́. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n mú un rọrùn. Kí ni kí n wá yọ? Kò sí èyí tí mo kàn gbé síbẹ̀ láìnídìí.

Ayàwòrán Ojú-ewé

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín yẹn. Ẹni tó ń béèrè “èwo ni kí n mú” ti fẹ́ mú nǹkan. Kò sọ pé ẹ ò mọ iṣẹ́, kò sọ pé owó ti pọ̀ jù. Ojú-ewé yín ni kò sọ èyí tó kàn án fún un.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́lé mọ yàrá kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà kò mọ ibi tí pálọ̀ wà. Bí èèyàn mẹ́rin bá wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ń pè é, “máa bọ̀ níbí, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi”, ẹnu ọ̀nà náà ni yóò gbà padà. Iṣẹ́ tí bọ́tìnnì pupa mẹ́rin yẹn ń ṣe nìyẹn.

Ẹ má tíì yọ ohunkóhun. Ẹ mú bébà, kí ẹ parí gbólóhùn yìí: “Kí àlejò mi tó kúrò lójú-ewé yìí, mo fẹ́ kó ti…” Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ. Bí méjì bá jáde, ẹ bi ara yín léèrè pé èwo ló máa dùn yín jù bí kò bá ṣẹlẹ̀. Èyí náà ló ni bọ́tìnnì pupa. Àwọn mẹ́ta yòókù kò ní kú: ọ̀kan á di ọ̀rọ̀ lásán tí a fà ìlà sí nídìí, ọ̀kan á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé, ọ̀kan á lọ sínú ojú-ewé mìíràn tí yóò ti wúlò.

Láti 1933 ni obìnrin ará Jámánì kan, Hedwig von Restorff, ti fi hàn pé nínú àwọn nǹkan tó jọra, èyí tó yàtọ̀ ni ọpọlọ ń dì mú. Pupa yín á ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá dá wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èrò-ọkàn

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ohun tí mo ń kọ́ nílé-ìwé nìyí, ó sì máa ń dùn mí báwọn èèyàn ṣe ń fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ní 1952, William Edmund Hick ṣe ìdánwò lórí iye àsìkò tó ń gba èèyàn láti dáhùn nígbà tí iná tó lè tàn bá ń pọ̀ sí i. Ní 1953, Ray Hyman náà ṣe irú rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ohun yíyàn bá ń pọ̀, ìdáhùn á máa pẹ́, àmọ́ kì í pẹ́ ní ìlọ́po bí ohun náà ṣe ń pọ̀: bí ohun yíyàn bá kúrò ní 2 tó di 4, iye àsìkò tó fi kún un náà ló máa fi kún un bó bá kúrò ní 4 tó di 8. Òfin Hick ni wọ́n ń pè é, gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìkànnì ló sì máa ń dárúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé ẹni tó jókòó sídìí ìdánwò yẹn ti mọ iná kọ̀ọ̀kan, ó sì ti mọ bọ́tìnnì tó ni ín. Àlejò Olùkọ́ kò mọ ọ̀kankan nínú kíláàsì mẹ́rìnlá. Ó ní láti ka èkíní, kó ka èkejì, kó fi wọ́n wéra, kó tó dé ẹ̀kẹta ó ti gbàgbé èkíní. Wàhálà yẹn ju ti iná lọ fíìfíì.

Òmíràn ni ìwádìí tí Sheena Iyengar àti Mark Lepper gbé jáde ní 2000. Tábìlì jáàmù ni wọ́n tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà. Nígbà tí oríṣi 24 wà lórí rẹ̀, nǹkan bí 60 nínú 100 àwọn tó ń kọjá ló dúró wò ó. Nígbà tó jẹ́ 6, nǹkan bí 40 ló dúró. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó dúró nídìí 24, nǹkan bí 3 nínú 100 ló rà. Nídìí 6, ó tó 30. Ohun tó ń pe ojú lè má pe ọwọ́, Olùkọ́, àwọn àlejò tẹ́ ẹ ń rí iye wọn yẹn sì lè jẹ́ irú ẹni tó dúró nídìí 24.

Mo ní láti sọ apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2010, Benjamin Scheibehenne àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdánwò 50 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì rí i pé bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ipa tí ọ̀pọ̀ yíyàn ń ní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Níbì kan ó ń ṣèpalára, níbòmíràn ó ń ṣàǹfààní. Ní 2015, Alexander Chernev àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá sọ ìgbà tó máa ń ṣèpalára: bí àwọn nǹkan náà bá ṣòro láti fi wéra, bí iṣẹ́ yíyàn fúnra rẹ̀ bá le, bí èèyàn kò bá mọ ohun tó fẹ́, àti gẹ́gẹ́ bí ohun tó tìtorí rẹ̀ wá, bóyá ó fẹ́ yàn ni tàbí ó kàn ń wò. Ẹni tí kò rán aṣọ rí, tó ń wo kíláàsì mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ ló kó sí. Ẹni tó ti ń ránṣọ tipẹ́, tó mọ̀ pé kọ́là ló ń yọ òun lẹ́nu, mẹ́rìnlá kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Torí náà, ẹ má torí ọ̀rọ̀ jáàmù pa kíláàsì yín rẹ́.

Alátẹ Bàtà

Mo dúró lẹ́yìn ẹni tó sọ̀rọ̀ tán yìí. Ohun tójú mi rí kò kéré.

Bàtà ni mo ń tà. Wọ́n sọ fún èmi náà pé kí n mú un rọrùn, mo sì gbọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo yọ tábìlì ìwọ̀n ẹsẹ̀. Mo yọ ìlà tó sọ bí èèyàn ṣe lè dá bàtà padà. Mo yọ orúkọ awọ tí a fi ṣe é. Ó wá ku àwòrán ńlá kan, orúkọ bàtà, iye owó àti bọ́tìnnì. Ojú-ewé náà mọ́ tónítóní bí ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn tó ń rà dínkù, àwọn tó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ pọ̀ sí i, ìbéèrè wọn sì ni “ẹsẹ̀ mi fẹ̀ díẹ̀, ṣé ó máa gbà mí?” àti “bí kò bá gbà mí ńkọ́?” Gbogbo ohun tí mo yọ ni wọ́n ń béèrè. Àṣejù tèmi ló di àṣetẹ́ yẹn.

Mo dá tábìlì ìwọ̀n padà, ṣùgbọ́n mi ò dá a padà sí ojú-ewé ọ̀tọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan nọ́ńbà ẹsẹ̀ ni mo gbé e sí. Ọ̀rọ̀ nípa dídá bàtà padà, gbólóhùn kan péré, wà lábẹ́ bọ́tìnnì gan-an. Àtìgbà náà ni ara ti tù mí.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: mo á fi ìka bo nǹkan kan lójú-ewé, mo á bi ara mi pé, bí èyí ò bá sí níbí, ìbéèrè wo ni oníbàárà máa fi ránṣẹ́ sí mi? Bí mi ò bá rí ìbéèrè kankan, ó ń lọ nìyẹn. Bí ìbéèrè bá wà, mo á wá ibi tí ìbéèrè náà ti máa ń wá sí i lọ́kàn, ibẹ̀ ni mo á gbé ìdáhùn sí.

Olùkọ́ Abẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ gbólóhùn orí bébà náà: “Kí àlejò mi tó kúrò, mo fẹ́ kó ti mọ kíláàsì tó máa fi bẹ̀rẹ̀.” Mo kọ́kọ́ kọ “kó ti forúkọ sílẹ̀”, mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó máa forúkọ sílẹ̀ fún ohun tí kò tíì mọ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kíláàsì mẹ́rìnlá ṣì ń dùn mí. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Bí mo bá kó wọn kúrò lójú-ewé àkọ́kọ́, ta ló máa rí wọn?

Ayàwòrán Ojú-ewé

Kò sí ẹkùn kankan níbẹ̀, Olùkọ́. A kàn fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró sí yàrá tiẹ̀ ni.

Báwo lẹ ṣe tò wọ́n báyìí? Bí mo bá wo bí ẹ ṣe ṣàlàyé, bí ẹ ṣe dá wọn sílẹ̀ lẹ ṣe tò wọ́n, tàbí bí olùkọ́ ṣe ń pín iṣẹ́: gígé, rírán, ìparí. Àlejò kì í ronú bẹ́ẹ̀. Ipò tí òun fúnra rẹ̀ wà ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú-ewé àkọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ rẹ̀, “Ibo lo bá iṣẹ́ dé?”, kí ìlẹ̀kùn mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀:

“Mi ò tíì rán nǹkan kan rí.”
“Mo ń rán, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé e.”
“Mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́.”

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kíláàsì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nínú márùn-ún yẹn, kí ọ̀kan gba àmì “bẹ̀rẹ̀ níbí”. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Àmì yẹn kì í ṣe ti kíláàsì tó wọ́n jù, kì í ṣe ti èyí tí kò tà tẹ́ ẹ fẹ́ tì jáde. Èyí tẹ́ ẹ máa mú fún àbúrò yín tó bá wá bá yín nílé ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń dáhùn àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, àbí? Ẹ kì í kó mẹ́rìnlá fún wọn. Ẹ máa ń bi wọ́n ní nǹkan kan tàbí méjì, ẹ á wá dárúkọ ọ̀kan. Ohun tẹ́ ẹ ti ń fi ẹnu ṣe láti ọjọ́ yìí ni kí ojú-ewé máa bá yín ṣe.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn kíláàsì náà. Bó bá jẹ́ “Ìpele Wúrà” àti “Ìpele Fàdákà” ni wọ́n ń jẹ́, àlejò kò lè mọ ohun tó wà nínú wọn. “Rán síkẹ́ẹ̀tì rẹ àkọ́kọ́” kò nílò àlàyé.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́ọ̀dù

Àwòrán tó ń yí kiri yẹn, ẹ yọ ọ́ lónìí. Mo ti kọ́ ọ fún àwọn èèyàn títí ó fi sú mi, mi ò sì rí i kó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pinnu. Ní 2013, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ jáde láti ìkànnì Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà: nǹkan bí 1 nínú 100 àlejò ló tẹ àwòrán tó ń yí, èyí tó pọ̀ jù nínú títẹ̀ yẹn sì bọ́ sórí àwòrán àkọ́kọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn dà bí ẹni tí kò wá sóde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí àlejò bá ń ka ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà á sá lọ mọ́ ọn lójú. Ẹ mú àwòrán kan tó fi iṣẹ́ yín hàn, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sí i, kó dúró jẹ́ẹ́.

Àpótí tó ń yọ bo ojú-ewé: láti oṣù kìíní 2017 ni Google ti sọ pé ojú-ewé tó bá fi irú rẹ̀ dí ohun tí èèyàn wá kà lórí fóònù lè rẹlẹ̀ nínú àbájáde ìwákiri. Àmọ́ ká tiẹ̀ fi Google sílẹ̀. Ẹni tó ń gbìyànjú láti mọ kíláàsì tó yẹ òun, ẹ dá a dúró láti gba ímeèlì. Ẹ ti já okùn ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ gbé ìbéèrè ímeèlì yẹn sí ìparí ojú-ewé, níbi tẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ á ti fẹ́ ẹ.

Mẹ́nù mọ́kànlá: ẹ dín in kù sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ìyókù lọ sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àmì ìlà mẹ́ta yẹn lórí kọ̀ǹpútà tí àyè pọ̀ sí. Àmì náà ti pẹ́, Norm Cox ló yà á fún kọ̀ǹpútà Xerox Star ní 1981, ó sì wúlò lórí fóònù. Bó ti wù kó rí, ohun tójú ò rí, ọwọ́ kì í tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan tó kù tí àwọn èèyàn kì í ka sí dísáìnì: ojú-ewé tó ń fò. Ẹ fẹ́ tẹ bọ́tìnnì, àwòrán kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lókè rẹ̀, bọ́tìnnì sọ̀ kalẹ̀, ìka yín bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Ẹni tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì kò ní fọkàn tán ojú-ewé náà mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe é pé kó kọ ìbú àti gíga àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú kọ́ọ̀dù, kí àyè rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Ojú Lalákàn

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún, torí mo wà lára wọn.

Lẹ́tà eérú lórí funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní òde òní, kò rọrùn rárá. Ìlànà WCAG, èyí tí wọ́n ṣe kí ìkànnì lè rọrùn fún àwọn tó ní àìlera láti lò, ní kí ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán, fún lẹ́tà kékeré, àti 3 sí 1 fún lẹ́tà ńlá. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí ayélujára tó máa wọ̀n ọ́n fún yín. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2023, WCAG 2.2, tún sọ pé ohun tí èèyàn máa tẹ̀ gbọ́dọ̀ tó píksẹ́lì 24 sí 24; Apple ní tiwọn ń sọ 44 sí 44, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní “point”. Bí àtàǹpàkò yín bá ń tẹ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kéré jù.

Ẹ má fi àwọ̀ nìkan sọ ohun tó bá ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò lè mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé kò ní mọ̀ pé ẹ ti yan ọ̀kan fún òun. Ẹ kọ “bẹ̀rẹ̀ níbí” sí i ní lẹ́tà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “tẹ̀ ẹ́ níbí” sórí bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ewé sí wa létí lè kó gbogbo líǹkì jọ kó máa kà wọ́n jáde: “tẹ̀ ẹ́ níbí, tẹ̀ ẹ́ níbí, tẹ̀ ẹ́ níbí.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ yàn? “Wo kíláàsì fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀” ni kẹ́ ẹ kọ. Á ran ẹni tó ń ríran dáadáa náà lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìkànnì kíkọ́, àlejò ni mí. Ẹ jẹ́ kí àlejò náà sọ tẹnu ẹ̀.

Mo fẹ́ kọ́ nǹkan níbì kan lórí ayélujára, mi ò ní dárúkọ wọn. Èjìká mi kan ni ọmọ wà, ọwọ́ kan ni mo fi di fóònù mú. Kí wọ́n tó sọ ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ fún mi, wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, kí n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ aṣínà tó ní lẹ́tà ńlá àti nọ́ńbà. Mo kọ ọ́ tán, ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà mi kò lágbára tó, ó sì pa gbogbo ohun tí mo ti kọ rẹ́. Mo pa fóònù dé. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà mọ́ o. Ó rẹ̀ mí ni.

Olùkọ́ wa, nǹkan mẹ́ta lèmi máa ń fẹ́ mọ̀. Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Kí ni mo gbọ́dọ̀ ní nílé kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ni àbí abẹ́rẹ́ lásán? Bí ọmọ bá ṣàìsàn tí mi ò lè wá, ṣé mo lè padà wò ó? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lójú kan náà lábẹ́ orúkọ kíláàsì, mo lè pinnu kí ọmọ tó jí. Bí mo bá ní láti ṣí ojú-ewé mẹ́rin, mo ti gbàgbé ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́ọ̀dù

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín yìí ni mo máa fi han àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́.

Nípa fọ́ọ̀mù: ìkànnì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GOV.UK, tí wọ́n ṣí ní 2012, ń lo ọgbọ́n kan tó dára, ohun kan lójú-ewé kan. Ìbéèrè kan, ẹ dáhùn, ó di òmíràn. Ó lè dà bíi pé ó gùn, àmọ́ kì í rẹ èèyàn. Fún Olùkọ́, orúkọ àti ímeèlì ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ kò ní lò lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má tíì béèrè rẹ̀. Bí àṣìṣe bá sì wà, kí fọ́ọ̀mù sọ ibi tó wà, kó má sì fọwọ́ kan ohun tí èèyàn ti kọ.

Ọjà Yá

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ fi aago tó ń kà sẹ́yìn síbẹ̀: “Ó ku wákàtí 2.” Ẹ kọ “àyè 3 péré ló kù”. Kíá ni wọ́n máa pinnu.

Ojú Lalákàn

Àbúrò, ṣé lóòótọ́ ló ku àyè mẹ́ta? Bó bá jẹ́ òótọ́, kọ ọ́. Bí aago yẹn bá máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun fún ẹlòmíràn tó bá ṣí ojú-ewé lọ́la, irọ́ ni, èèyàn á sì mọ̀. Láti 2010 ni Harry Brignull, ayàwòrán ojú-ewé kan, ti fún irú ẹ̀tàn báyìí lórúkọ, tó ń kó àpẹẹrẹ wọn jọ fáráyé rí. Ohun tá a ń sọ látàárọ̀ ni bí àlejò ṣe máa rí ohun tó yẹ òun. Ẹni tá a bá fi ẹ̀rù lé mú nǹkan, kò yàn án. Ó tún yẹ kí “rárá o, ẹ ṣeun” rọrùn láti tẹ̀ bíi “bẹ́ẹ̀ ni”.

Ọjà Yá

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni pé àwọn tí mo fi aago yẹn mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èrò-ọkàn

Kí Olùkọ́ tó lọ ṣe é: ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ wá èèyàn márùn-ún tí kò rí ìkànnì náà rí. Jakob Nielsen, ògbógi nínú bí ìkànnì ṣe lè rọrùn láti lò, kọ ọ́ ní 2000 pé márùn-ún ti tó láti rí ọ̀pọ̀ jù lọ ìṣòro tó wà, ó sì sàn kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú èèyàn márùn-ún ju lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fún wọn ní fóònù, ẹ ní, “Wá kíláàsì tó yẹ ọ́.” Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́. Ibẹ̀ ló le jù. Ọwọ́ yín á máa yún yín láti nawọ́ sí i. Ẹ má ṣe é. Ibi tí wọ́n bá ti dúró tí wọ́n ń wojú yín ni iṣẹ́ wà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ gbé oríṣi ojú-ewé méjì síta kẹ́ ẹ máa ka iye tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ nílò àlejò rẹpẹtẹ kí ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ bá rí tó lè jẹ́ òótọ́. Márùn-ún tẹ́ ẹ fojú rí máa kọ́ yín lọ́gbọ́n jù fún ìgbà yìí.

Olùkọ́ Abẹ́rẹ́

Mo ti padà dé o. Ó ti lé ní oṣù kan.

Mo kọ́kọ́ fi ojú-ewé àtijọ́ han èèyàn márùn-ún, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu mi lóòótọ́. Àwọn méjì ń tẹ àwòrán tó ń yí, wọ́n rò pé á gbé wọn lọ síbì kan. Ẹnìkan ka “Ìpele Fàdákà” sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí bóyá ohun ọ̀ṣọ́ ni mo ń tà. Àpótí ímeèlì yọ sí ẹni kẹrin, kò rí ibi tí wọ́n ti ń pa á dé, ó dá fóònù padà fún mi. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń pe àwọn èèyàn wá sínú ilé yẹn.

Ní báyìí: àwòrán kan, tó dúró. Ìbéèrè kan, ìlẹ̀kùn mẹ́ta. Mẹ́nù mẹ́rin. Bọ́tìnnì pupa kan. Gbogbo kíláàsì ti yí orúkọ padà, ohun mẹ́ta tí Ìyá Ìbejì béèrè sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì ìbánisọ̀rọ̀ igun ni mo fi sílẹ̀, torí àwọn kan ṣì fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ti yí padà. “Èwo ni kí n mú” ti dínkù gan-an. “Ọjọ́ wo la máa bẹ̀rẹ̀” ni mo ń gbọ́ báyìí.

Ohun kan ló kù. Nínú àwọn márùn-ún tí mo fi tuntun hàn, mẹ́ta dúró níwájú ìlẹ̀kùn kejì, “Mo ń rán, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé e.” Wọ́n ń rán nǹkan, àmọ́ wọn ò gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n rán. Wọ́n padà sí ìlẹ̀kùn kìíní, níbi tí ohun gbogbo á ti rọrùn jù fún wọn.

Ìyá Ìbejì

Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. “Mo ń rán” dà bí ẹni tó ń ṣe fọ́ńté. Mo lè fi ẹ̀rọ tún ìdí ṣòkòtò àwọn ọmọ ṣe, síbẹ̀ ojú á tì mí láti tẹ ibẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ ti ṣe rí: “Mo ti fi ẹ̀rọ rán nǹkan rí, bó tiẹ̀ jẹ́ ìrọ̀rí lásán.”

Ayàwòrán Ojú-ewé

Ẹ mú ti Ìyá Ìbejì bó ṣe kọ ọ́, ẹ má yí lẹ́tà kan padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà kékeré kan sísàlẹ̀ ìlẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé òun lè yí padà: “Bí kò bá bá ọ mu lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a ó gbé ọ lọ sí èyí tó bá ọ mu.” Àmọ́ ẹ má kọ ọ́ bí ẹ ò bá ní ṣe é.

Olùkọ́ Abẹ́rẹ́

A máa ń ṣe é, mi ò kàn kọ ọ́ síbì kankan rí ni. Mo ti gbé méjèèjì síbẹ̀ báyìí. Mo ń wá èèyàn márùn-ún mìíràn fún ọjọ́ Sátidé.